Ọ̀gá Họ́kì tí Mo Kúnlẹ̀ Fún

Ọdún tí wọ́n ti pápá họ́kì pa ni. Bí mo ṣe ń rántí rẹ̀ nìyẹn, torí mi ò kàwé. Àwọn ọ̀gá líìgì àti àwọn tó ń ṣeré họ́kì orí yìnyín náà ò gbọ́ ara wọn yé lórí owó, ni wọ́n bá ti ilẹ̀kùn. Èmi ni mo ń gbálẹ̀ abẹ́ àga níbẹ̀, nínú Toronto níbí. Bí kò bá sí eré, kò sí ìdọ̀tí. Bí kò bá sí ìdọ̀tí, kò sí ṣíìfù iṣẹ́ fún mi.

Ọmọ mi mẹ́ta ṣì wà n'Íbàdàn. Lọ́yà mi, ọmọ Yorùbá kan tó sá kúrò nílé láyé àwọn ṣọ́jà, ti kọ fọ́ọ̀mù wọn tán. Lẹ́tà ibi iṣẹ́ mi, tí yóò fi hàn pé mo ń ríṣẹ́ ṣe, ló kù. Oṣù méjì péré ló sì kù kí àkọ́bí mi obìnrin kọjá ọjọ́ orí ẹni tí ìjọba ń pè lọ́mọ.

Lọ́yà náà kìlọ̀ fún mi: "Màmá, ẹ má gbowó ìrànwọ́ ìjọba o. Ẹ ò ní lè mú ìkankan wọlé mọ́."

Mo ń mu gàrí lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Bí mo bá kírun tán, mi ò lè dìde lórí ẹní.

Obìnrin Ìjẹ̀bú tí a jọ ń gbálẹ̀ ló sọ fún mi pé ọ̀gá pátápátá líìgì ń bọ̀ wá ṣèpàdé ní hòtẹ́ẹ̀lì kan. Mo ní ṣé èyí tí a bá lórí oyè nígbà tí a dé ìlú yìí ni?

"Alhaja, ìyẹn ti lọ tipẹ́. Èyí tó gbapò rẹ̀ náà ti ń pẹ́ bọ̀, àfi bí ẹni pé wọ́n fi àtè lẹ̀ ẹ́ mọ́ àga."

"Ọba ni wọ́n ń jẹ nìyẹn."

"Ọba kẹ̀! Àwọn olówó tó ni ẹgbẹ́ ló gbé e síbẹ̀. Tiwọn ló ń ṣe."

Etí mi ò gba ìyẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tó pẹ́ lórí oyè báyẹn, àgbà ni. Bí àgbà bá ń bínú, ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ̀ ẹ́.

Mo lọ dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà hòtẹ́ẹ̀lì náà. Bí ọ̀gá náà ṣe bọ́ọ́lẹ̀ nínú mọ́tò, mo fi orúnkún méjèèjì lélẹ̀ nínú sínóò, yìnyín tó bo ilẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dákun, ẹ ṣí pápá náà." Yorùbá ni mo ń sọ, òyìnbó ti pòórá lẹ́nu mi. Ó sáré dì mí lápá mú, ó ń béèrè bóyá mo ṣubú, bóyá mo fara pa. Ó ní kí wọ́n pe áńbúláǹsì. Ó wọlé lọ sí ìpàdé rẹ̀. Mo ń pariwo pé mi ò ṣubú, wọ́n ń fi búláńkẹ́ẹ̀tì bò mí.

Nígbà tí wọ́n fi máa ṣílẹ̀kùn, oṣù méjì ti kọjá. Ọmọ méjì ló wọlé, àkọ́bí mi ló ṣẹ́ kù n'Íbàdàn.

Mo ti sọ fún àkọ́bí mi lórí fóònù, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì: "Mi ò yan àwọn àbúrò rẹ lé ọ lórí. Mo kúnlẹ̀ nítorí rẹ." Á ní, "Mo ti gbọ́, mà." Kò tíì sọ ọ́ rí pé òun gbà.