Sípíkà Tó Wà Nínú Páálí

"Kò lè yé yín" ni ọkọ àbúrò mi fi ń dá gbogbo wa lóhùn. Bí o bá dé pálọ̀ rẹ̀ ní àdúgbò Fate, kó o tó rí omi mu, á ti máa ki àwòrán 4K tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ bí ẹni ń ki babańlá ẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ọ̀hún tóbi bí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n kò jẹ́ ká ṣí ọ̀rá ojú rẹ̀. Gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀ dà bí ẹni ń rìn nínú ọyẹ́.

Ó tún ra sọ̀ráúndì, ohùn tí wọ́n ní ó ń yí èèyàn ká. Ó to sípíkà mẹ́rin síwájú kí àlejò lè rí wọn láti ẹnu ọ̀nà. Ìkarùn-ún wà nínú páálí, ó ní sípíà ni, tí ọ̀kan bá bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ ìyẹn gan-an ló ń gbé ọ̀rọ̀ ẹnu èèyàn jáde. Mo kà á lára páálí, mo sọ fún un.

"Ẹ̀gbọ́n, kò lè yé yín."

Àìsàn ò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ débi wòlímà ọmọ wọn. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wá láti Ọjà-Ọba, kó lè gbọ́ bí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ṣe ka Kùránì nínú fídíò. Ọ̀gbẹ́ni tàn án sórí tẹlifíṣọ̀n, ariwo èrò inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé. Ohùn ọmọ ò jáde.

"Ṣé ọmọ yìí ò kà á ni?"

"Ìyá, sọ̀ráúndì nìyẹn. Ẹ ṣáà máa gbádùn."

Ìyá gba fóònù àbúrò mi, ó gbé fídíò kan náà sétí. "Màṣá Allah!" Omi bọ́ lójú rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni bá mú rìmóòtù, ó yí ariwo tirẹ̀ sókè, kí ìyá lè mọ ìyàtọ̀. Ìyá gbé fóònù jáde sí fàráńdà.