Pákó Tí Ọ̀gá Pè Ní Igi Ìdáná

Ọ̀gá lé mi síta ní kíláàsì káfíńtà lónìí, mi ò sì tọrọ àforíjì.

Gbogbo Aramọkọ ló mọ̀ ọ́n. Òun ló kan àga tó wà nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì níbí. Ṣùgbọ́n pákó tútù ló ń fún wa. Àpótí ìjókòó tá a fi í kàn lóṣù tó kọjá, gbogbo ẹsẹ̀ wọn ló ti ń mì.

Ni mo bá gbé pákó tèmi wá láti ilé wa ní Ìpótì. Orí àjà ìdáná màmá mi ló ti gbẹ, èéfín ti sọ ọ́ di dúdú.

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. "Igi ìdáná lo gbé wá bá mi?"

"Pákó tó gbẹ ni, sà. Bá a ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn."

"Jù ú nù!"

"Mi ò ní jù ú nù, sà."

"Ó yá, bọ́ síta!"

Mo kó ayùn àti òòlù mi, mo lọ kan àpótí mi parí lábẹ́ igi máńgòrò.

Lọ́sàn-án, ọ̀gá fẹ́ jẹun. Ó jókòó lórí àpótí kan nínú ṣọ́ọ̀bù, àpótí náà ń mì. Ó gbé òmíràn, ìyẹn náà ń mì. Ló bá jáde wá, ó fa tèmi, ó jókòó, ó ṣí iyán rẹ̀.

Mo ní, "Ọ̀gá, igi ìdáná lẹ jókòó lé yẹn o."

Kò dìde. Ó ní kí n bu omi ìfọwọ́ wá.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé àfojúdi ni mo ṣe? Ẹ sọ tẹnu yín. Àmọ́ ẹni tó bá ní kí n lọ bẹ̀bẹ̀, kó kọ́kọ́ wá jókòó lórí àpótí oṣù tó kọjá.