Páìpù Òróòro Lápá Màmá

Apá màmá wa máa ń kùn. Láti ọjọ́ tí kíndìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀, tí dókítà sì so iṣan méjì pọ̀ níbẹ̀ kí ẹ̀rọ lè máa rí ọ̀nà fọ ẹ̀jẹ̀ wọn, ni ẹ̀jẹ̀ ti ń sáré kọjá lábẹ́ awọ, tó ń kùn bí oyin inú àgbá. Láràárọ̀, àbúrò mi obìnrin á gbé etí lé apá náà, á dijú. Kọ́tìnnì á máa mì díẹ̀díẹ̀, á dà bíi pé gbogbo ilé ló ń kùn.

Akàpáálí ni mo máa ń pe àbúrò mi yìí. Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe: á lọ sí àwọn yàrá tí wọ́n ti ń ya àwòrán inú ara, á máa ka ara páálí gbogbo irinṣẹ́ tó wà níbẹ̀. "Kí ni wọ́n fọwọ́ sí pé kí ẹ máa fi èyí ṣe?" Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ò jùyẹn lọ. Bí mo bá fi ṣíbí ṣí agolo mílíìkì, á wò mí bí ọ̀daràn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé etí lé apá màmá, kò sì tètè gbérí. Kíkùn náà ti rẹlẹ̀.

Nínú yàrá àwòrán nílé ìwòsàn, níbi tó tutù tí iná ò ti mọ́lẹ̀ púpọ̀, iṣan apá màmá hàn lójú ẹ̀rọ. Ó ń ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí odò, ó dé ibì kan, ó há. Dókítà ní bí ibẹ̀ ò bá ṣí, kò sọ́nà mìíràn tí ẹ̀rọ lè gbà fọ ẹ̀jẹ̀ wọn mọ́, nítorí apá kejì ti bàjẹ́. Ó mú páìpù kékeré kan jáde, tí wọ́n fi wáyà tín-ín-rín hun, láti fi la ibi tó há náà. Akàpáálí ka páálí rẹ̀. Ọ̀nà òróòro nìkan ni wọ́n fọwọ́ sí i fún.

"Bí a ò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ," ni dókítà wí. "Òfin ò sì ní kí dókítà má lò ó."

"Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹni tó lẹbọ mọ̀ pé òòbẹ̀ ni."

"Ṣé ká wá máa dẹ́rù ba ìyá àgbà ni?"

Inú bí mi gan-an. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ibí kì í ṣe ọ́fíìsì yín o! Bí wọ́n bá kọ̀ ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, apá wọn ni."

Ó jókòó ti màmá, ó fi páálí hàn wọ́n. Ó sọ fún wọn pé wọn ò ṣe páìpù náà fún iṣan ẹ̀jẹ̀, pé ó lè dí, pé ó lè yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀, ó sì tún lè ṣiṣẹ́ dáadáa.

Màmá ń wo àjà.

"Lọ́jọ́ tí àgbàrá wọlé wa, mi ò rí ọ̀já. Kọ́tìnnì ni mo já, mo fi pọ̀n ẹ́. Ta ló kọ ọ́ sára kọ́tìnnì pé ó lè gbọ́mọ dúró? Ṣùgbọ́n mo fà á wò, mo so ó lẹ́ẹ̀mejì, kí n tó bọ́ sínú omi." Wọ́n rẹ́rìn-ín. "O ò tíì lè sọ̀rọ̀ nígbà yẹn, n ò lè bi ẹ́ bóyá o gbà. Ìwọ bi mí. Mo gbà. Kí dókítà ṣáà fà á wò dáadáa."

Nígbà tí dókítà fi páìpù náà sí i tán, tí wọ́n sì ti màmá jáde, àbúrò mi bẹ̀rẹ̀, ó gbé etí lé apá náà, ó dijú.

"Ṣé ó ń kùn?" ni mo bi í.

Ó bú sẹ́kún, ó sì nawọ́ fà mí mọ́ra kí èmi náà lè gbọ́. Ó ń kùn.

Màmá la ojú kan. "Ẹ má fomijé rin mí lápá o. Wọn ò kọ ìyẹn náà sára páálí."