Kéèkì Bọ́tà Tí Àwọn Àlejò Ń Jẹ

Lẹ́yìn tí ìyá mi kúrò ní ọsibítù, wọ́n ní kò sóhun tí ẹnu àwọn gbà mọ́ àfi kéèkì tí bọ́tà pọ̀ nínú rẹ̀. Oògùn ti mú ẹnu wọn korò. Wọ́n kọ ògì, wọ́n kọ mọ́ín-mọ́ín, wọ́n ní ẹja inú ọbẹ̀ mi ń rùn. Dókítà sì ti sọ ọ́ lójú mi pé bí wọn ò bá jẹun, orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni wọ́n tún ń padà sí. Èmi ni àkọ́bí, èmi ni mo mú wọn wá láti Èkìtì sí ilé tí mo háyà ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ọrùn mi ni gbogbo rẹ̀ wà.

Mi ò ní ẹ̀rọ ìyan-kéèkì. Mo da iyanrìn sínú ìkòkò ńlá, mo gbé e ka gáàsì, mo gbé agolo kéèkì lé iyanrìn náà, mo dé e pa. Kí n tó débẹ̀, mo ti fi ọmọ orógùn po bọ́tà mọ́ ṣúgà títí apá fi ń ro mí. Bọ́tà gidi ni o, kì í ṣe ti inú ike tí oòrùn Èkó kò lè yọ́.

Òórùn rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ gba ojú àtẹ̀gùn, àwọn tó ń kí wa kú ewu sì bá a gòkè wá. Ìyá mi tí ohùn wọn kì í jáde láti béèrè omi bá pè mí ketekete, pé kí n gé kéèkì fún àlejò. Nígbà tí àwọn àlejò fi lọ tán, èérún ló kù. Ìyá mi ní òórùn rẹ̀ ti yó àwọn.

Mo tún ṣe òmíràn. Bọ́tà ò tó, mo fi òróró lé e, mo gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti pọ́n jù sí i, ó sì dùn. Mo gbé e pamọ́. Ìyá onílé wọlé, ìyá mi sì sọ fún wọn pé ó wà lẹ́yìn àpò ìrẹsì. Ojú tì mí bí ẹni tó jalè nínú ilé ara rẹ̀. Ìyá onílé jẹ, wọ́n tún bù sí i, wọ́n ní kí ìyá mi máa dúpẹ́ ọmọ.

Mo bínú. Mo bi ìyá mi bóyá wọ́n fẹ́ kú sí mi lọ́rùn ni.

Wọ́n ní, “Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.”

Mo ní, “Igbá wo lẹ fẹ́ rù, ẹ̀yin tí ẹ ò lè gbé ife omi?”

Lọ́jọ́ Sátidé, mo ti ilẹ̀kùn, mo pa gbogbo fèrèsé dé kí òórùn má bàa jáde. Ooru fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Mo gbé kéèkì gbígbóná ka iwájú wọn, mo fi bọ́tà pa á lórí, mo dúró, mo fọwọ́ lé ìbàdí. Wọn ò fọwọ́ kàn án. Mo bi wọ́n pé kí ló tún dé báyìí.

Wọ́n ní, “Ìwọ ńkọ́? Láti ìgbà tí mo ti dé, mi ò tíì rí ẹ kí o jókòó jẹun. Àwọn àlejò máa ń jókòó tì mí. Ìwọ á kàn dúró, wàá máa wò mí lẹ́nu. Ta ló ń jẹun tí ọlọ́pàá ń ṣọ́ ọ?”

Inú bí mi débi pé mo jókòó. Mo bu kéèkì ńlá sẹ́nu, mo ń jẹ ẹ́ tìbínú-tìbínú. Ìyá mi bu díẹ̀. Wọ́n jẹ ẹ́ pẹ́ lẹ́nu, wọ́n gbé e mì, wọ́n tún bu òmíràn, wọ́n lá bọ́tà tó kù lọ́wọ́ wọn. Mo ń jẹ tèmi lọ. Mo mọ̀ wọ́n, tí mo bá yìn wọ́n pẹ́nrẹ́n, wọ́n á dáwọ́ dúró.

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Ọwọ́ ìyá mi ti ń lọ sí ọ̀bẹ. Mo di ọwọ́ náà mú, mo sì ké sí ẹni tó wà níta pé kó ní sùúrù jàre, ìyá mi ń jẹun.