Àgbà Mẹ́ta Lẹ́nu Ọ̀nà Wa Lẹ́yìn Ìjì

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí à ń gbé ní Hartstown, ní ìlú Dublin lórílẹ̀-èdè Ireland, ohun tí màmá mi bẹ̀rù jù láyé ni kí àgbà mẹ́ta jọ wọlé tọ èèyàn wá láàárọ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ ọ́n. Láàárín wa, ẹnì kan kì í dá lọ túfọ̀. Àwọn àgbà á kó ara wọn jọ, wọ́n á wá, wọ́n á ní kí ẹ jókòó.

Lọ́dún kan, ìjì ńlá kan jà létí òkun ní Amẹ́ríkà, ní ìlú tí àǹtí mi ń gbé. Àbúrò kan ṣoṣo tí màmá mi ní ni. A rí i lórí tẹlifíṣọ̀n bí omi òkun ṣe wọ ìlú, tó bo ilé dé òrùlé, táwọn èèyàn dúró sókè níbẹ̀ tí wọ́n ń fi aṣọ juwọ́ káwọn tó wà nínú ọkọ̀ òfúrufú lè rí wọn. Ọjọ́ márùn-ún ni màmá mi fi ń họ káàdì ìpè, tó ń tẹ nọ́ńbà àǹtí mi. Ohùn obìnrin òyìnbó kan náà ló ń dá a lóhùn pé ìpè náà kò lọ. Ó pẹ́ díẹ̀, màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í bá obìnrin náà jà bí ẹni pé òun ló fi àǹtí mi pamọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹfà, agogo ẹnu ọ̀nà dún, mo lọ ṣílẹ̀kùn. Bàbá tó gbà wá sílé rẹ̀ ní Huntstown nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Dublin ni mo rí, òun àti àgbà méjì láti mọ́ṣáláṣí wa, tàwọn ti agbádá, òjò sì ti pa wọ́n. Màmá mi yọjú láti kíṣínì. Kò tilẹ̀ kí wọn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Bàbá ní kí gbogbo wa jókòó. Ìyẹn gan-an ló bà á jẹ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ àdúrà gígùn. Ara mi kò gbà á mọ́, mo fi Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ Dublin já lu àdúrà rẹ̀, mo bi í bóyá àǹtí mi ti kú.

“Ta ló kú? She's grand, kò sóhun tó ṣe é,” ni Bàbá wí. “Ilé ìwé kan ni wọ́n sá sí. Ó ní kí n kí yín.”

Àṣé omi ti gbé fóònù àti ìwé nọ́ńbà àǹtí mi lọ. Nọ́ńbà kan ṣoṣo tó mọ̀ sórí ni ti ilé Bàbá, torí ọdún méjì ló fi ń pè wá síbẹ̀. Orí ló bá a ṣe é. Bàbá ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sọ lórí fóònù, ló bá kó àgbà jọ, ó gbé ayọ̀ wá bí ẹni wá túfọ̀. Màmá mi ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó tún ń bínú sí wọn. Lẹ́yìn náà ó dín dòdò fún wọn, wọ́n sì jẹ ẹ́ tán. Ara tù mí débi pé orí àga ni mo sùn sí títí di ọ̀sán.

Lónìí, ìjì ò ní tíì dáwọ́ dúró tí àtẹ̀jíṣẹ́ á ti dé. Ó dára bẹ́ẹ̀, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo bi àwọn ọmọ mi láìpẹ́ yìí pé nọ́ńbà ta ni wọ́n mọ̀ sórí, wọ́n ní inú fóònù ni gbogbo rẹ̀ wà. Bàbá ti jáde láyé, wọ́n ti já wáyà fóònù ilé rẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹ bá jí mi lójú oorun, màá ka nọ́ńbà rẹ̀ fún yín láìfo ọ̀kan. Tèmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ mi báyìí, láràárọ̀, kí wọ́n tó bọ́ sínú ọkọ̀. Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kí wọ́n ṣáà ti mọ̀ ọ́n.