Bẹ́ǹṣì Àárín

Òórùn méjì ni mo fi ń mọ̀ pé Sọ́ńdè dé ní Ayétòrò nígbà náà: òórùn kẹrosíìnì tí mo fi ń nu bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì nítorí ikán, àti ti omi ẹ̀gẹ́ kíkan tó ń ro láti inú àwọn àpò tí wọ́n tò jọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí lẹ́yìnkùlé wa. Èmi ni olórí àwọn tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ń fi ìjókòó han èèyàn, àwọn tí à ń pè ní ọ́ṣà. Olórí ni wọ́n ń pè mí, àmọ́ èmi nìkan náà ni ọmọ ẹ̀yìn. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, mo sì fẹ́ràn kí nǹkan tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́.

Ìdílé ńlá méjì ló gbé ìjọ wa ró, wọn kì í sì í kí ara wọn. Ọ̀rọ̀ ìkórè ló dá a sílẹ̀. Lọ́dún kan, akọ̀wé pe ìdílé kan pé kí wọ́n jó wá síwájú pẹpẹ ṣáájú ìkejì tó gbà pé òun ni àgbà, ó parí. Láti ọjọ́ náà, ọ̀kan gba apá ọ̀tún, ìkejì gba apá òsì, bẹ́ǹṣì àárín sì ṣófo bí ilẹ̀ tó wà láàárín kọ́sítọ́ọ̀mù tiwa àti ti Kùtọnu. Wọ́n ní ilé tó bá ń tòrò, ọmọ àlè ibẹ̀ ni kò tíì dàgbà. Tiwa dàgbà, ó tún gbéyàwó. Èmi ni mo wá di ọlọgbọ́n tó ń là wọ́n. Mo mọ ẹni tí kò gbọdọ̀ jókòó sítòsí ẹnì kan, mo mọ ẹnu ọ̀nà tí màmá àgbà apá ọ̀tún máa gbà jáde kí màmá àgbà apá òsì tó dìde. Lọ́jọ́ kan, àlùfáà gbá mi léjìká.

"Bàbá Tíṣà, ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kí ìjà ṣẹlẹ̀ níbí."

Orí mi wú. Mo gbà pé àlàáfíà ni mò ń ṣe.

Ìjọ wá ń dín kù. Àwọn ọ̀dọ́ ń lọ sí Ìlaròó, sí Abẹ́òkúta, wọn kì í padà. Àlùfáà kéde ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta pé kí Ọlọ́run rán èèyàn sí wa. A tẹ pósítà, a ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn tuntun, a gbàdúrà títí ohùn fi há. Ìdílé ọ̀tún gba tiwọn láàárọ̀, ìdílé òsì gba tiwọn nírọ̀lẹ́.

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, obìnrin kan wọlé, tíṣà tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí ìlú wa. Oyún rẹ̀ ti tóbi, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú nínú sálúbàtà. Ó sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé Kùtọnu ni ọkọ òun ti ń ṣiṣẹ́, òun ò sì mọ ẹnikẹ́ni níbí. Inú mi dùn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Mo mú un lọ sí apá ọ̀tún. Màmá ọ̀tún gbé báàgì rẹ̀ lé àyè tó ṣófo.

"Ọmọ mi ń bọ̀ wá jókòó síbí."

Mo mú un lọ sí apá òsì. Màmá òsì wò ó láti òkè délẹ̀, kò tiẹ̀ rọra sọ ọ́: "Èyí tí wọ́n kọ̀ lọ́hùn-ún lẹ wá ń gbé fún wa?"

Ojú tì mí. Kí ariwo má baà sọ, mo fi obìnrin náà sórí bẹ́ǹṣì àárín, òun nìkan. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá."

Nígbà tí àlùfáà ní ká bọ ara wa lọ́wọ́, ọ̀tún bọ ọ̀tún, òsì bọ òsì. Obìnrin náà dìde, ó na ọwọ́ díẹ̀, ó tún jókòó, ó wá ń tún gèlè tí kò bàjẹ́ ṣe. Mo rí i. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré ló wà láàárín wa, àmọ́ mo sọ fún ara mi pé ẹnu ọ̀nà ni ipò mi. Sọ́ńdè mẹ́ta ló fi jókòó síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ìkẹrin, kò wá. Kí n má purọ́ fún ẹ, ara tù mí, torí n kò ní máa ronú ibi tí màá fi í sí mọ́.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, mo pàdé rẹ̀ ní Ìlaròó, níwájú ibi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní ilé ni ìrọbí ti mú òun, lọ́sàn-án gangan, òun nìkan. Àláájà tó ni ilé tí òun ń gbé ló gbọ́ igbe òun, tó wá ọ̀kadà, tó gbá òun mú lórí rẹ̀ dé ọsibítù, tí kò sì fi òun sílẹ̀ títí ọmọ fi ké.

"Kí ló dé tí o ò ránṣẹ́ sí wa, ọmọ mi?"

Ó wò mí, kò bínú rárá. "Bàbá, ta ni kí n ránṣẹ́ sí? N ò mọ orúkọ ẹnì kankan."

Èmi gan-an, n kò bi í ní orúkọ rẹ̀ rí.

Ọdún ti gorí ọdún. Àwọn màmá méjèèjì ti kú, wọ́n ti gbé àlùfáà lọ síbòmíì, a ò ju mẹ́sàn-án lọ mọ́, síbẹ̀ àwọn ọmọ wọn ṣì ń jókòó lọ́tùn-ún àti lósì. Mo ti bá wọn sọ ọ́ títí, wọ́n ní ọjọ́ ogbó ló ń dà mí láàmú. N kò retí pé ó máa yí padà mọ́. Ìjọ kì í dàgbà níbi tí wọn ò ti fẹ́ràn ara wọn. Àlejò á ti gbóòórùn rẹ̀ kó tó jókòó, ó le ju ti kẹrosíìnì lọ. A bẹ Ọlọ́run pé kó rán èèyàn sí wa, Ó sì gbọ́. Méjì ló rán lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan nínú ìkejì, èmi ni mo sì pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Láràárọ̀ Sọ́ńdè, mo ṣì ń nu bẹ́ǹṣì àárín. Eruku nìkan ni mò ń bá níbẹ̀.