Oúnjẹ Faransé Kò Lè Ra Ẹnu Ọ̀nà Ilé Mi

Ìyá ọkọ ọmọ mi ló ní kí n wá jẹun. Ìyàwó ò tíì délé ọkọ nígbà náà o, àmọ́ ẹnu ti yá mi láti máa pè é bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó ló rí ọkọ, ìyá ọkọ sì ránṣẹ́ sí mi ní Òsí, ìlú wa, pé kí n wá bá òun jẹun nílé oúnjẹ àwọn Faransé kan, kí àwa ìyá méjèèjì lè fẹnu kò lórí mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Mo palẹ̀ iṣu mi mọ́ lọ́jà, mo ní kí obìnrin tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bá mi ta èyí tó kù, mo wọkọ̀.

Kí n tó dé ni mo ti mọ ohun tó ń bẹ nínú obìnrin náà. Ọmọ mi ti sọ ọ́ fún mi lórí fóònù, ó rọra ń sọ ọ́ bí ẹni ń fún ọmọdé lóògùn. Gbọ̀ngàn kan l'Ékòó ni wọ́n ti fẹ́ ká ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Wọ́n ní ọ̀nà ibi tiwa jìn, wọ́n ní ó burú, wọ́n ní kò sí òtẹ́ẹ̀lì tó lè gba àwọn èèyàn ńlá wọn.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá débẹ̀, ẹ má bínú."

"Ta ló ń bínú? Oúnjẹ ni mò ń bọ̀ wá jẹ."

Orí ilé gogoro kan ni ilé oúnjẹ náà wà. Àpótí onírin ló gbé àwa mẹ́rin gòkè, èmi, ọmọ mi, ọkọ rẹ̀ àti ìyá ọkọ. Àwa dé, ikùn mi ṣì wà nísàlẹ̀. Gíláàsì ni gbogbo ògiri. Ọ̀sà tẹ́ rẹrẹ, afárá gùn lórí rẹ̀, mọ́tò ń tò lọ bí èèrà. Wọ́n ní àwọn èèyàn ń ti òkè òkun wá wò ó. Ó dára, mi ò ní purọ́. Àmọ́ bí ìyá ọkọ ṣe fà mí sídìí gíláàsì, tó ń nàka bí ẹni pé òun ló gbẹ́ ọ̀sà náà, ẹ̀rín fẹ́ pa mí.

"Màmá, ẹ wo bí oòrùn ṣe ń wọ̀! Ẹ ò lè rí irú èyí ní Òṣì."

"Òsí ni o, ìyá ọkọ. Ẹ má tíì pè wá ní tálákà, a ò tíì jẹun. Oòrùn yìí náà ló ń wọ̀ lẹ́yìn òkè lọ́dọ̀ wa. Ọ̀fẹ́ ni."

Ọmọkùnrin rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó yára sọ ọ́ di ikọ́. Ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ràn ọmọ náà.

A jókòó. Fọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ tò lọ rẹrẹ níwájú mi, mo bi ọmọ mi bóyá àwọn kan ṣì ń bọ̀ wá bá wa jẹun. Ọmọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ fi Faransé kí wa, imú ló fi ń sọ ọ́. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Ó gbàgbé ara rẹ̀: "Ẹ ṣé, mà!"

Ìwé oúnjẹ tó fún mi kò ní iye kankan lára, èmi tó jẹ́ pé nọ́ńbà nìkan ni mo mọ̀ ọ́n kà dáadáa. Ìyá ọkọ ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe fún àlejò. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣòwò. Ọjà tí wọn ò bá sọ iye rẹ̀ fún ọ, ìgbà tí o bá jẹ ẹ́ tán ni wọ́n ń sọ ọ́.

Ìgbín ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wá, kékeré báyìí, nínú bọ́tà àti ewé. Mo bi ọmọkùnrin tó gbé e wá pé, "Ìyá wọn ńkọ́?" Ọmọ mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Lẹ́yìn náà ni ẹran pẹ́pẹ́yẹ, bíńtín láàrin àwo tó fẹ̀ bí ọpọ́n, wọ́n fi ọbẹ̀ ya ìlà yí i ká bí ààlà oko. Ó dùn. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ náà ló ti parí ni.

Nígbà tí wọ́n kó àwo lọ, ìyá ọkọ gbé ọwọ́ lé ọwọ́ mi.

"Màmá, mo ti rí gbọ̀ngàn kan létí omi nísàlẹ̀ yẹn. Ẹ má náwó, ẹ má dáná. Àga, oúnjẹ, aṣọ tí ẹ máa wọ̀ pàápàá, ọrùn mi ló wà. Ẹ kàn máa bọ̀ ni."

Ọmọ mi ń wo inú ife rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á kí ọkọ má bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀rù ba èmi náà.

Mo nu ẹnu. Mo ní, "Á gba ibi ire o, ìyá ọkọ."

Ohun tí à ń wí nìyẹn tí ẹni tó ń jẹun bá ní ká wá jẹ, tí a ò sì ní jẹ. Kò sí èébú nínú rẹ̀, àmọ́ ilẹ̀kùn ti tì. Obìnrin náà gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

"Kí lẹ wí, Màmá?"

"Mo ní ẹ ṣeun. Bàbá ọmọ yìí ló kọ́ ilé wa, díẹ̀díẹ̀ ló ra búlọ́ọ̀kù rẹ̀. Iwájú ilé náà ló sùn sí, a tẹ́ síméntì lé e. Ó ní ẹnu ọ̀nà yẹn ni wọ́n ti máa tọrọ ọmọ òun. Ṣé ẹ máa rán mọ́tò lọ gbé e wá ni?"

Ó ní ayé ti yí. Mo ní kò tíì yí débi pé ìyàwó máa lọ tọrọ ọkọ. Ó ní ọ̀nà wa burú.

"Ọ̀nà burúkú yẹn ni ìyàwó tí ẹ fẹ́ràn gbà dé Èkó. Kò já bọ́."

"Tí mo bá ní a ò ní wá ńkọ́?" Ohùn rẹ̀ ti le.

Mi ò tíì fèsì tí ọmọ mi fi gbórí sókè, omi ń dà lójú rẹ̀. "Mà, ọ̀dọ̀ bàbá mi ni mo fẹ́." Mi ò rán an o! Ẹnu ya èmi gan-an.

Ọkọ rẹ̀ yíjú sí ìyá tirẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, màá lọ dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀. Tí ẹ ò bá lè lọ, àbúrò bàbá mi á mú mi lọ."

Ìyá rẹ̀ kọjú sí ọ̀sà. "Ṣé mọ́tò ń dé ẹnu ilé yín?"

"Ó máa ń ku díẹ̀ kó dé. Ẹsẹ̀ lẹ máa fi parí rẹ̀. Ẹ má wọ bàtà gogoro yẹn o."

Wọ́n wá. Ó wọ bàtà náà. Ọmọkùnrin rẹ̀ àti àwọn ọkùnrin ẹbí wọn nà gbalaja níwájú ilé wa, erùpẹ̀ pupa kún aṣọ wọn láyà. Olórí ẹbí wa wo ojú mi bóyá kí òun ní kí wọ́n dìde. Mo ṣe bí ẹni pé gèlè mi ni mò ń tún we.